Asẹ́ Tí Katakata Yóò Máa Fà

Ìbàdàn kò ní òkun, ṣùgbọ́n omi ti gbé wa rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Omíyalé nìyẹn, pàǹtírí tó dí ojú odò wà lára ohun tó fà á. Lóṣù kẹjọ ọdún 2011, ẹ̀mí tó tún bómi lọ ju 100 lọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣa ìdọ̀tí létíkun kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti jọ gàrí rí: irin ń kó yanrìn sókè, asẹ́ ń mì, yanrìn ń bọ́, ọ̀rá àti ike ń ṣẹ́kù. Tòkèèrè wọ́n jù! Ẹ jẹ́ ká bá àwọn wẹ́dà Yemẹtu sọ̀rọ̀. Àmọ́ yanrìn tútù máa ń dí asẹ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀rùn la ó lò ó létí odò, kójò tó dé.