Àwọn Ọ̀nà Òkè Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì: Ìtàn Ẹsẹ̀, Kẹ̀kẹ́ àti Ọkọ̀

Láàárín ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ilẹ̀ Èkìtì, àwọn ọ̀nà kan wà tí ọkọ̀ kì í sábà gbà, tí wọ́n ń pọ́n òkè, tí wọ́n ń dà gẹ̀rẹ́ sí àfonífojì, tí oko kòkó sì tò sí ọ̀tún àti òsì wọn. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló wu ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere rìnrìn àjò afẹ́, nítorí pé kò sí ohun tó ń dí i níwájú, kò sì sí ohun tó ń lé e lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́rọ́rọ́ wọn kì í ṣe ìṣẹ̀dá: ogun ló yan ibi tí wọ́n gbà, òwò ló kún wọn, ọ̀nà mìíràn tí ìjọba là sì ni ó gba èrò lọ́wọ́ wọn.

Ibi púpọ̀ ní Èkìtì ni ó fi ohun tó lé ní mítà 250 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ, ọ̀wọ́ òkè Èfọ̀n tó nà gbọọrọ láàárín Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Láti ara òkè wọ̀nyí ni omi Ọlúmìrìn ti ń já wálẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìtòsí wọn náà sì ni omi gbígbóná Ìkọgòsì ti ń sun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá sinmi, òkè àti kòtò jẹ́ odi fún ẹni tó mọ̀ wọ́n. Nínú Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àjọ ológun àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti alájọṣe wọn tí Ògèdèǹgbé ṣe olórí fún, kojú Ìbàdàn ní agbègbè Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àgọ́ ogun tó tú ká. Àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí oúnjẹ àti ohun ìjà gbà dé àgọ́ kò yí òkè po. Ẹsẹ̀ ènìyàn lè pọ́n ibi tí táyà kò lè pọ́n, nítorí náà ọ̀nà tó kúrú jù ni wọ́n ń là, bó ti wù kó ga tó.

Nígbà tí àlàáfíà dé, ojú irin ló yẹ kó gbé ọjà àwọn ìlú wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀dọ̀ wọn. Rélùwéè láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì kọjú sí Ìlọrin láìya Iléṣà tàbí Adó-Èkìtì. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni pé orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù dé ibùdókọ̀ ojú irin, títí ìjọba àmúnisìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà mọ́tò. Ọ̀dọ̀ àwọn ọba àti ìjòyè ni ìjọba ti ń béèrè àwọn tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ọ̀nà ọ̀hún kò sì ju ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ tí a fẹ̀, tí a sì da yangí sí. Iṣẹ́ yìí ṣì ń lọ lọ́wọ́ ní 1928, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀, gba ìpè sí iṣẹ́ ìwàásù ní Ìkẹ́jì-Arákejì, ní ọ̀nà tó lọ láti Iléṣà sí Àkúrẹ́.

Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó pọ̀ lórí yangí wọ̀nyí, kẹ̀kẹ́ ti gorí wọn. John Kemp Starley ti gbé kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885, Dunlop sì ti ṣe táyà onífẹ́fẹ́ ní 1888; nígbà tí owó kòkó wá wọlé, tíṣà, ajíhìnrere, akọ̀wé àti aṣojú àwọn tó ń ra kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í ra kẹ̀kẹ́ Raleigh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí òwò wọn bá kẹ̀kẹ́ mu jù ni àwọn Òṣómàáló, ìyẹn àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń tajà láwìn káàkiri ìletò, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Orúkọ wọn ń tọ́ka sí bí wọ́n ṣe máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Irú òwò bẹ́ẹ̀ kò lè dúró de ọkọ̀, nítorí pé ibi tí oníbàárà wà kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì ńlá. Ẹni tó bá di ẹrù aṣọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ lè ya abúlé púpọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì lè tún padà gba ọ̀nà kan náà nígbà tí àdéhùn bá pé.

Kẹ̀kẹ́ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí a fi ń ṣeré lórí òkè. Irin rẹ̀ wúwo, gíà kan ṣoṣo ló ní, bíréèkì rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀pá irin tó ń fa rọ́bà mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí kì í mú dáadáa bí òjò bá pa á. Nítorí náà, ẹni tó gbé ẹrù dé ìdí òkè yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò sì ti kẹ̀kẹ́ dé òkè. Bí ó bá ń dà gẹ̀rẹ́, yóò ṣọ́ra kí ẹrù má baà tì í ṣubú. Nígbà náà, kẹ̀kẹ́ jẹ́ ohun ìní tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó láísẹ́ǹsì lé lórí, táyà rẹ̀ sì di ọ̀wọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pàápàá lẹ́yìn tí Japan gba ilẹ̀ Malaya, tí rọ́bà ti ń wá, ní 1942.

Ohun tó lé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà kì í ṣe ẹyọ kan. Ọkọ̀ akẹ́rù gba ẹrù wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji, tó yẹ owó òṣìṣẹ́ ìjọba wò, dábàá ní 1974 sì mú kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè ra alùpùpù, alùpùpù gba ìrìn àjò kúkúrú. Nígbà kan náà ni títì ọlọ́dà tó fẹ̀, tí a là kí ó lè tọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ìlú kọjá dípò àárín rẹ̀, tí awakọ̀ sì fi ọ̀nà àtijọ́ tó ń rọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti ìlú dé ìlú sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi sílẹ̀ báyìí ni oníkẹ̀kẹ́ arìnrìn-àjò ń rí ní òkè Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Bí ó bá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù Kọkànlá àti oṣù Kẹta, yangí yóò gbẹ, eruku yóò sì wà. Nígbà òjò, ilẹ̀ kan náà yóò máa yọ̀. Ibi tí òkè bá ti ga jù fún gíà rẹ̀ ni yóò ti rí i pé ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n la ọ̀nà fún, kì í ṣe oníkẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́rọ́rọ́ tó ń gbádùn ní iye tí ẹlòmíràn ń san: àgbẹ̀ tí ọkọ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń san owó gọbọi kí ẹrù rẹ̀ tó dé ọjà, ìlú tí títì kọjá lẹ́yìn rẹ̀ sì ń pàdánù oníbàárà. Bí ìjọba bá fẹ́ tún àwọn ọ̀nà náà ṣe fún arìnrìn-àjò afẹ́, àwọn ará ibẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ bi léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó gba ọ̀nà wọn kọjá.