Ilé Alfred Vogel ní Teufen

Ìtàn mùsíọ́mù kékeré tó wà ní Hätschen, ní ìlú Teufen lórílẹ̀-èdè Switzerland, ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹni tó ni ilé náà. Lọ́dún 1871, àwọn ará Appenzell Ausserrhoden, ìpínlẹ̀ tí Teufen wà, péjọ sí gbangba bí àṣà wọn, wọ́n dìbò, wọ́n sì fàyè gba ẹni tí kò ka ìwé dókítà láti máa tọ́jú aláìsàn. Níbi púpọ̀ ní Switzerland nígbà yẹn, àwọn dókítà nìkan ni òfin gbà láàyè láti tọ́jú aláìsàn. Bí àwọn onítewé-tegbò ṣe ń ya lọ sí ìpínlẹ̀ náà nìyẹn.

Alfred Vogel wà lára wọn. Aesch, nítòsí Basel, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1902. Ilé ni ó ti kọ́kọ́ mọ ewé. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Basel, ó sì kó wá sí Teufen lọ́dún 1937, níbi tó ti ń gba aláìsàn sílé, tó ń gbin ewé sí àyíká, tó sì ń po oògùn.

Èyí tó mú kí n ka Vogel sí aṣáájú ni ọ̀rọ̀ ewé tútù. Ewé gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ń lò nígbà yẹn. Vogel gbà pé ewé tútù lágbára jù ú lọ. Ẹ wo Echinacea purpurea, ewéko Amẹ́ríkà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń fi ẹbí rẹ̀ ṣe oògùn tipẹ́: ìtànná rẹ̀ pọ́n bí àlùkò, àárín rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ó sì ń gún ni lọ́wọ́. Wọ́n á gé e nígbà tó bá ń tanná, wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ kó tó rọ, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú ọtí líle. Nínú Echinaforce, oògùn Vogel tó lókìkí jù, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ewé, igi àti ìtànná. Gbòǹgbò kò ju ìdá 5 lọ. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti dán ewéko yìí wò léraléra. Ohùn wọn kò tíì ṣọ̀kan lórí bó ṣe ń ran ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe lọ́wọ́.

Vogel kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó ń tẹ ìwé ìròyìn lórí ìlera, ó sì gbé ìwé Der kleine Doktor jáde lọ́dún 1952, èyí tí wọ́n ti túmọ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè. Lọ́dún 1963, ó dá ilé-iṣẹ́ Bioforce sílẹ̀ ní Roggwil. Ó kú lọ́dún 1996. Wọ́n sọ ilé Teufen di mùsíọ́mù, ọgbà ewé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí di òní, kí àlejò lè fọwọ́ kan ohun tí baba náà kọ̀wé nípa rẹ̀.