Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù ní Oko Ìbàdàn

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe àáró àti ọ̀wẹ̀, tí wọ́n sì ń dá èésú. Ìfọkàntán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó di òwò ńlá ní oko Ìbàdàn, àwọn alágbàtà a máa yá àgbẹ̀ lówó ṣáájú ìkórè, gbèsè náà a sì sọ ọ́ di ẹni tí kò lè yan iye tí yóò ta kòkó rẹ̀.

Ní 1934, C. F. Strickland ṣe ìwádìí fún ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì jáde ní 1935. Ní 1937, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Gbẹ́dùn, ní ilẹ̀ Ọ̀nà-Ara òde òní, ni ó kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà ní Nàìjíríà. Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ni ó ṣe aṣáájú àpapọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1953, wọ́n dá báńkì tiwọn sílẹ̀.

Ní 2006, báńkì náà wọnú òmíràn, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò parẹ́. Àwọn olùkọ́ pàápàá ń dá a. Òfin kọ́ ni ó kọ́ Yorùbá ní ìrànwọ́; ìwé ìṣirò tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè yẹ̀ wò ni ó fi kún un. Níbi tí a bá ti pa ìwé náà mọ́, ìfọkàntán a bá a lọ.