Walkman, Fóònù àti Owó Olórin
Ọdún 1979 ni iléeṣẹ́ Sony ní Japan gbé Walkman jáde, tí èèyàn ń fi gbọ́ káṣẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń rìn lọ. Olórin fújì ń rówó lórí káṣẹ́ẹ̀tì nígbà náà, bí àwọn kan tilẹ̀ ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2001, fóònù GSM wọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá, Apple gbé iPod jáde. Lójú tèmi, fóònù ló máa borí: aláṣọ òkè ní Òjé wa gbọ́dọ̀ pe oníbàárà, kí ni yóò fi ẹ̀rọ kejì ṣe? Nígbà tí fóònù ń gbé orin láti inú mẹ́mórì káàdì, ọjà bọ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù. Apple dá iPod dúró ní 2022. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà kó orin sí káàdì gba owó tirẹ̀. Olórin kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.