Ààbò Kí Ọwọ́ Tó Tẹni: Owó Orí, Ìyà Ìyàwó àti Béèlì

Kí Òyìnbó tó dá kóòtù sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi ìsásí wà fún ẹni tí ọwọ́ fẹ́ tẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ajigbèsè, ẹrú, tàbí ìyàwó tí ọkọ ń lù lè sá wọ ààfin tàbí ilé ìjòyè ńlá, kí ó sì di òpó ilé náà mú. Dìpómú ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ń lépa rẹ̀ kò ní lè fi ipá mú un mọ́. Ó di dandan kí ó wá rojọ́ níwájú onílé. Ààbò náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ o: obìnrin tí ó dìpómú lè di ìyàwó ìjòyè tí ó sá tọ̀. Síbẹ̀, ààbò tí ń ṣáájú ìdájọ́ ni. Kì í dúró títí ìyà yóò fi jẹni tán.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, tí Ìkòròdú sì bọ́ sábẹ́ Èkó ní 1894, kóòtù gba ipò òpó. Obìnrin lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síwájú adájọ́ kí ó sì béèrè ìkọ̀sílẹ̀, bí a bá ṣáà ti lè dá owó orí padà. Ọ̀rọ̀ yìí bí àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá nínú. Wọ́n ní kóòtù ń ba ilé jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọkọ tuntun ni í san owó náà fún ọkọ àkọ́kọ́. Obìnrin tí kò ní ọkọ tuntun, tí bàbá rẹ̀ sì ti ná owó orí tán ńkọ́? Onítọ̀hún lè máa jẹ ìyà nìṣó nítorí gbèsè tí kì í ṣe òun ni ó jẹ ẹ́. Ibí ni àléébù ètò náà wà, òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1957, nígbà tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì mú un kúrò. Ìlú méjèèjì di ara Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ọdún 1967.

Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ìdàkejì ni. Ìdílé ìyàwó ni ó ń kó ẹrù àti owó fún ìdílé ọkọ, bí kò bá sì tó, a lè máa fi ìyà jẹ ọmọbìnrin náà. Wọ́n fi òfin de àṣà yìí ní 1961. Ní 1983 wọ́n sọ ìwà ìkà ọkọ àti ẹbí rẹ̀ sí ìyàwó di ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lè tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n láti 1973 ni òfin ibẹ̀ ti fàyè gba béèlì tí ènìyàn lè gbà kí ọlọ́pàá tó mú un. Àwọn ọkọ, ìyá ọkọ àti àbúrò ọkọ ń sáré lọ gbà á. Ní 2014 ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ kìlọ̀ fún ọlọ́pàá pé kí wọ́n má kàn máa mú ènìyàn lórí ẹ̀sùn yìí láìṣe ìwádìí. Àwọn kan yọ̀. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ obìnrin. Àwọn méjèèjì ní ohun tí wọ́n rí.

Òfin Nàìjíríà kò dárúkọ irú béèlì bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sún mọ́ ọn wà nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979, ti 1999 sì tún un sọ: ẹni tí a fẹ́ tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lè lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2005, nínú ẹjọ́ kan tí ó ti Ìpínlẹ̀ Anambra wá, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè fi èyí dá ọlọ́pàá dúró láti ṣe ìwádìí. Ìyàwó ní tirẹ̀ ní òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 lórí ìwà ipá inú ilé. Ó lè gba àṣẹ ààbò lórí ẹni tí ń lù ú, tí ń dẹ́rù bà á tàbí tí ń fi owó oúnjẹ dù ú, kódà kí a tó gbọ́ ẹjọ́ tẹnu ọkọ.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga. Níbi tí ilé-ẹjọ́ tí ó ní àṣẹ bá wà láàrin ogójì kìlómítà, òfin ìpìlẹ̀ sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ ti afurasí mọ́lé ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó gbé e dé iwájú adájọ́. Nítorí náà, ọkọ tí a mú ní alẹ́ lè padà sílé kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Bí ìyàwó kò bá tíì gba àṣẹ ààbò tirẹ̀ nígbà náà, inú ilé kan náà ni wọn yóò jọ sùn.