Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Nílẹ̀ Tó Ń Sọ Faransé: Ohun Tí Ìtàn Lomé Kọ́ Wa

Lọ́dọọdún, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé, a máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ láti Nàìjíríà tí wọ́n ń wá iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Zanguéra níbí, lójú ọ̀nà Kpalimé. Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara. Síbẹ̀, àwọn mìíràn kì í lò tó ọdún kan kí wọ́n tó padà sílé. Àwa tí a kàwé ní Faransé, tí a jọ ń kọ́ni, rí i pé ìtàn Lomé ti sọ ohun tó fà á tipẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àlejò tuntun ní etíkun yìí. Kí Jámánì tó ta àsíá rẹ̀ ní Baguida ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1884, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣòwò létí òkun. Lomé fúnra rẹ̀, àwọn oníṣòwò tó ń sá fún owó ibodè ní Gold Coast ló sọ ọ́ di ọjà ńlá. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ní Aného. Èyí kò tẹ́ ìjọba Jámánì lọ́rùn. Kí ogun 1914 tó bẹ́, wọ́n ti pàṣẹ pé èdè Jámánì nìkan ni èdè òyìnbó tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé gba Tógò. Lomé bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà péré ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1920, wọ́n fa ìlú náà lé Faransé lọ́wọ́, èdè ìwé sì tún yí padà. Ẹ wo olùkọ́ tó jẹ́ pé èdè òyìnbó kan ṣoṣo ló gbọ́: bí àsíá bá ti yí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá wo Sylvanus Olympio, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Tógò. Ó kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó sì gbọ́ Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Kò sí ìjọba tó dé tí kò lè bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí kíláàsì tòní. Nílé, orí 100 ni wọ́n ti ń gba máàkì. Níbí, orí 20 ni. Ọmọ tó gba 12 ti gbìyànjú. Olùkọ́ tuntun tó bá ń pín 19 fún àròkọ, directeur yóò pè é wá ṣàlàyé. Ọmọ á kọ “I have 14 years”. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé á rò pé olódo ni, bẹ́ẹ̀ “j'ai 14 ans” ni ọmọ náà túmọ̀. Bákan náà, librairie ni ilé ìtàwé lédè Faransé, library sì ni ilé ìkàwé lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó mọ ibi tí àṣìṣe ti wá ló lè tún un ṣe. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́ Faransé tilẹ̀ ní àǹfààní kan: tu àti vous kò jìnnà sí “ìwọ” àti “ẹ̀yin” tiwa.

Ọ̀rọ̀ owó náà ńkọ́? Vacataire ni wọ́n ń gba ọ̀pọ̀ wọn sí, iye wákàtí tí wọ́n bá fi kọ́ni ni wọ́n ń gbowó lé. Bí ọlidé bá dé, owó dúró. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ṣeré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló kó ẹrù gba Lomé kọjá. Òótọ́ ni pé ECOWAS ti dé láti 1975, àdéhùn 1979 sì gbà wá láyè láti wọlé láìsí físà. Ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Tógò wọ ẹgbẹ́ Commonwealth. Gẹ̀ẹ́sì tún níyì, àwọn olùkọ́ yóò sì máa wá. Kí wọ́n wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́ Faransé, ní Village du Bénin ní Yunifásítì Lomé bí apá bá ká a. Kí wọ́n kọ́ Ewe tàbí Mina pẹ̀lú, torí Gẹ̀ẹ́sì kì í ra gààrí ní ọjà Zanguéra. Ẹ̀rù pé ọmọ yóò sọ Yorùbá nù kò gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwọn ará wa Ifẹ̀ ní Atakpamé, tí wọ́n ń pè ní Ana, ti ń bá àwọn Ewe gbé láti ìrandíran. Wọ́n gbọ́ èdè aládùúgbò, wọ́n kọ́ Faransé, wọn ò sì sọ tiwọn nù, nítorí pé nínú ilé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ọmọ.