Iṣan Ọrùn àti Ìmọ́lẹ̀ Ojú

Ní Ìfàkò-Ìjàyè wa níbí, bí ojú kan bá ṣàdédé ṣókùnkùn, tó sì tún là láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé, "Ó ti lọ, kò sí nǹkan kan." Àwọn mìíràn á ní ayé ló fọwọ́ bà á. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ìtàn wò, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ojú nìkan.

Ẹ rọra fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò yín. Iṣan tó ń lù níbẹ̀ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ẹ̀ka rẹ̀ kan ló sì ń bọ́ ojú. Ẹ̀yin ọmọ kéú, subātī ni Lárúbáwá ń pè é, láti ara subāt tí ẹ mọ̀ nínú Sūratu-n-Naba', nítorí àwọn oníṣègùn àtijọ́ gbà pé títẹ ibẹ̀ a máa mú èèyàn sùn lọ.

Ní 1951, C. Miller Fisher, dókítà ará Kánádà, kọ ọ́ jáde pé dídí iṣan ọrùn ń fa rọpárọsẹ̀, àti pé ojú tó ń ṣókùnkùn fúngbà díẹ̀ lè jẹ́ ìkìlọ̀ rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 1954, ní ilé ìwòsàn St Mary's, London, Eastcott, Pickering àti Rob ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin ẹni ọdún 66 kan tí ìkìlọ̀ ti dé bá nígbà 33. Wọ́n gé ibi tó dí kúrò, wọ́n so iṣan náà padà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí wọ́n tó lè ṣe é. Nítorí náà ni wọ́n ṣe mú ara rẹ̀ tutù dé ìwọ̀n 28, kí ọpọlọ má bàa bàjẹ́. Ara rẹ̀ sì yá.

Ewu náà kò tíì tán. Bí wọ́n bá dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ti ojú lè dínkù. Bí èérún ọ̀rá bá já, ó lè dí iṣan ojú, kí ojú sì fọ́ láàárín wákàtí mélòó kan. Kì í wọ́pọ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ mìíràn a máa ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan náà kí ẹ̀jẹ̀ lè máa kọjá.

Ṣé kí á wá sá fún iṣẹ́ abẹ ni? Rárá o. Ìwádìí Amẹ́ríkà àti Kánádà fi hàn ní 1991 pé ẹni tí ìkìlọ̀ ti dé bá, tí iṣan rẹ̀ sì ti dí tó ìdá 70 nínú 100, iṣẹ́ abẹ ṣe é láǹfààní ju oògùn nìkan lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, oògùn tí à ń kán sójú kò lè ṣí ohun tó dí lọ́rùn. Ẹ ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jáwọ́ nínú sìgá. Bí ojú bá ṣókùnkùn, kódà bó là padà, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn.